Ẹ Sanwó Àyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Sanwó Pátì

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà, kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Bódìjà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road. Corolla àtijọ́ kan ló ń wà. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó pè mí pé ọkọ̀ náà ti ń ké láti ẹ̀yìn, pé níwọ̀n ìgbà tí n kò ní kíláàsì, kí n bá òun gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi. Mo wọ ọkọ̀, mo gba ọ̀nà Sẹkitéríàtì lọ sí Mọ́kọ́lá. Bí mo bá rọra ń lọ, kò sí nǹkan kan. Bí mo bá ti tẹ iná dé bíi 60, ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn: wùùù, wùùù, wùùù, bí ẹni pé ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ń tẹ̀lé mi. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ sí i, ohùn náà á ga sí i.

Mẹkáníìkì kìíní kò wọ inú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wò ó bó ṣe ń jó, ó ní, "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti lọ, bọ̀dá." A lọ sí Gate, a ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ méjì, ó dè é, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo wa ọkọ̀ jáde, wùùù ṣì ń dún. Mo padà lọ bá a, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé yóò mọ́ra tó bá yá. Kò mọ́ra.

Mẹkáníìkì kejì náà kò wọ inú ọkọ̀. Mo fi ẹnu ṣe ohùn náà fún un, n kò tíì ṣe é tán tó fi dá mi lóhùn: "Bíárìn ni. Ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kí ọkàn yín lè balẹ̀." A tún lọ sí Gate. Owó tó bá bíárìn méjì yẹn lọ ju owó tí mo fi ń jẹun fún oṣù méjì lọ. Ohùn náà kò kúrò níbi tó wà.

Mo ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kẹta, ẹni tí wọ́n ní búréèkì ni yóò sọ pé ó bàjẹ́, ni mo bá yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Àgbowó kí ó bá mi fẹ́ táyà. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún un pa. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí kì í ké bí?"

Ó fa ọwọ́ mi, ó gbé e lé orí táyà. Ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó ga níhìn-ín, ó jìn lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọ̀nì. Ó tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó gbé wọn síwájú, ó gbé ti iwájú sẹ́yìn, ó ní kí n wà á dé Ọ̀jọ́ọ̀ kí n padà wá. Kí n tó dé Ọ̀jọ́ọ̀, ohùn náà ti kúrò lẹ́yìn, ó ti wá síwájú. Ó parí. Táyà ló ń ké. Bàbá ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ti kú lóòótọ́, kí táyà sì ti máa tọ lórí títì títí tó fi jẹ báyìí, ṣùgbọ́n pé pípààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì kò lè tún ojú táyà tó ti jẹ ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ rí ìdajì òtítọ́, kò dúró gbọ́ ìdajì tó kù. Ẹnì kejì kò tilẹ̀ rí nǹkan kan.

Mo bèèrè pé èló ni. Bàbá pe owó afẹ́fẹ́ àti owó táyà tó tú. Mo san án, mo wá fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Olúwa á túbọ̀ fún yín lókun." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tí kò rí i gba owó lọ́wọ́ yín. Èmi tí mo rí i, àdúrà ni mo gbà. Àmín o."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, "Àmín" yẹn ni mo gbé wá bá yín.

Ẹ̀bi ta ni?

Bí a bá jókòó ní búkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ ibi tí yóò já sí. Ẹnì kan á ní olè ni gbogbo mẹkáníìkì. Ẹlòmíràn á ní wọn kò kàwé. Ẹnì kẹta á ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ní òkè òkun, kọ̀ǹpútà ló ń yẹ ọkọ̀ wò. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ rí. Lónìí, mo sọ pé irọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀bi àwa tí a ń gbé ọkọ̀ lọ ló pọ̀ jù.

Ẹ mú ìwé owó èyíkéyìí tí mẹkáníìkì bá kọ fún yín, ẹ kà á. Ohun méjì ni ẹ máa rí níbẹ̀: pátì àti wọkimanṣíìpù. Iye pátì nìyí, iye títú àti dídè rẹ̀ nìyí. Níbo ni owó ẹni tó wá ìdí ìṣòro náà wà? Kò sí níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nítorí pé àwa kò ní san án. Ẹ lọ wò ó: bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé òun yóò gba owó kí òun tó sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín, pé bóyá ẹ ra pátì o, bóyá ẹ kò rà á, owó náà kò ní padà, ṣé ẹ ò ní fi í sílẹ̀ lọ bá ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́? Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ yẹn ló wọ́n jù ní gbogbo Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Mẹkáníìkì kan wọ ọkọ̀ pẹ̀lú yín, ó ní kí ẹ wà á, ó gbọ́ ohùn, ó fi jáàkì gbé e, ó tú ẹsẹ̀, ó sì rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ kan ló há sáàárín irin búréèkì. Ó fi sìkúrù dẹ́ráfà yọ ọ́ sọnù. Wákàtí kan ti lọ. Ẹ̀yin á fún un ní owó mínírà kan, ẹ ó sì máa yìn ín lọ. Mẹkáníìkì kejì kò dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ní bíárìn ni, ó ta bíárìn méjì, ó gba wọkimanṣíìpù ẹsẹ̀ méjì. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni yóò jẹun lálẹ́? Àwọn ọmọṣẹ́ tó dúró tì wọ́n, tí wọ́n ń wo bí owó ṣe ń wọlé, ìwà ta ni wọ́n máa kọ́ kí wọ́n tó gba fúrídọ̀ọ̀mù?

Àwa la kọ́ wọn. Ọwọ́ là ń sanwó fún, a kì í sanwó fún etí. Nígbà tí etí wá di, a ní mẹkáníìkì kò mọ iṣẹ́.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àṣà Yorùbá kò mọ owó àyẹ̀wò. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, owó ló kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀ kí Ifá tó sọ̀rọ̀. Owó ẹbọ wà lọ́tọ̀, owó ìdáfá wà lọ́tọ̀. Kò sí babaláwo gidi tí yóò ní, "Ẹ lọ ra ewúrẹ́ wá ná, bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó gbìyànjú àgbò." Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa pè é ní gbájúẹ̀. Ohun tí mo sì jẹ́ kí wọ́n fi Corolla ẹ̀gbọ́n mi ṣe gan-an nìyẹn: ẹbọ méjì láì dá Ifá.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ ti Ifá, ẹ gba ti UCH, tó ti wà ní ìlú yìí láti 1957. Ẹ ó san owó káàdì, ẹ ó san owó tẹ́ẹ̀sì, ẹ ó san owó X-ray, kí ẹnikẹ́ni tó kọ egbòogi kankan fún yín. Kò sí ẹni tó ń bá dókítà jà pé kí ló dé tí òun fi sanwó X-ray nígbà tí egungun òun kò kúkú kán. Inú wa á dùn pé kò kán! Ṣùgbọ́n tí mẹkáníìkì bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò rí nǹkan kan, a ó ní ó fi àkókò wa ṣòfò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀ bí a kò bá fẹ́ sanwó fún ojú tó ń wò ó?

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í ké lásán

Àwọn kan á ní iṣẹ́ awo ni àyẹ̀wò, pé mẹkáníìkì nìkan ló yé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò pọ̀: táyà, bíárìn, búréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìnì rẹ̀, àti sàlẹ́nsà tó ń gba ìtòsí kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ké. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó kúrò nílé kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà wo ló ń ké?

Bó bá ń ké tẹ̀lé eré ọkọ̀, tó ń hùn wùùù, táyà tàbí bíárìn ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wà á láti orí títì tó le gbágungbàgun bọ́ sórí èyí tó jọ̀lọ̀. Bí ohùn bá yí padà bí títì ti ń yí padà, táyà ni. Lẹ́yìn náà, níbi tí títì bá ti dá, ẹ rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ sósì, kí ẹ tún yí i sọ́tùn-ún. Bí ẹ bá yà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹrù ọkọ̀ máa ń tẹ̀ sí. Bí ohùn bá ga sí i nígbà náà, bíárìn ọ̀tún ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ga nígbà tí ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ wo ti òsì. Kí ẹ sì tó ra nǹkan kan, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn síwájú bí bàbá Àgbowó ti ṣe. Bí ohùn bá tẹ̀lé táyà, ẹ ti mọ ọ̀daràn.

Bí ẹ bá fẹ́ dá bíárìn mọ̀ dájú, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ fi òkúta há ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ fi ọkọ̀ sí jíà, kí ẹ sọ háńdì búréèkì kalẹ̀, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sórí jáàkì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí apá kankan nínú ara yín wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ó ti pa ènìyàn. Ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, ẹ fi ìkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín. Bó bá ń ṣe kọ̀kọ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ, bíárìn ti ń lọ. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ọwọ́ kejì wà lára sípíríìnì. Bíárìn tó dára á yí jọ̀ọ̀lọ̀. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára sípíríìnì bí ẹni tó ń lọ iyanrìn.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ búréèkì nìkan ló ń ké, ẹ má bá bíárìn wí. Bó bá ń ké fínfín, ó lè jẹ́ eruku tàbí láínìn tó ti fẹ́ tán. Bó bá ń ké bí irin tó ń họ irin, láínìn ti tán pátápátá nìyẹn, irin ló ń jẹ irin, ẹ má ṣe wà á lọ sí ibòmíràn bí kò ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń gbóná ju ìyókù lọ, tó ń rùn bí nǹkan tó ń jóná, búréèkì tàbí wáyà háńdì búréèkì ti há.

Bó bá ń dún kọ, kọ, kọ, tó ń yára bí ẹsẹ̀ ti ń yára, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wo táyà. Ó lè jẹ́ òkúta tó há sójú rẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣó, ó lè jẹ́ pé táyà ti yọ gẹ̀gẹ̀. Ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá ti tú, ẹ ti fi díẹ̀ bọ́ nínú ewu nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé inú kòtò nìkan ló ti ń dún gbì, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù jáde kí ẹ tó pe ṣọ́ọ̀kì ní arúfin. Mo mọ ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì nítorí jáàkì tí kò so mọ́ ibì kankan.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tó ná yín ju àkókò àti agbára lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé táyà ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Ó ní ìdí. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a ti ń retí táyà, púpọ̀ nínú èyí tí a sì ń rà jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti jẹ ojú rẹ̀ lórí títì tirẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin kan lópin. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń ta á lè kun ojú rẹ̀ dúdú, kò lè yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà. Kí ẹ sì máa gbé ti iwájú sẹ́yìn ní bíi gbogbo 10,000 kìlómítà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá táyà yẹn ì bá má jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ẹni tí kò ní mọ́tò

Ọ̀pọ̀ nínú yín á ti máa sọ nínú pé, "Èmi tí mo ń wọ Micra, kí ló kàn mí?" Ó kàn yín ju ẹni tó ni Corolla lọ.

Ní bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ Micra ní Àgbowó, mo ń lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí lápá òsì, a sì fún ara wa pọ̀ bí a ti máa ń ṣe. Kí a tó dé Bódìjà, mo ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì, irin ń họ irin ní ìsàlẹ̀ ìdí mi. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ, ó wò mí. Ìyá tó gbé báàgì lẹ́sẹ̀ náà gbọ́ ọ, ó pe Jésù. Dírẹ́bà náà gbọ́ ọ, ó yí rédíò sókè. Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Fújì gba inú ọkọ̀ kan, gbogbo wa sì dákẹ́.

Nígbà tí a dé Dùgbẹ̀, mo dúró kí àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ tán. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, láínìn ẹ̀yìn yín lápá òsì ti tán o." Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ báyìí, láínìn nìkan kọ́ ni wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní bíárìn, wọ́n á ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la. Ta ló máa bá mi san dílífà alẹ́ yìí?"

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Ọkùnrin yìí kò sá fún láínìn. Owó láínìn kò tó ohun tí ènìyàn ń sá fún. Àyẹ̀wò ló ń sá fún, nítorí pé nínú ìlú wa, àyẹ̀wò àti pátì ti di ohun kan náà. Bó bá mọ̀ pé òun lè san owó kékeré kan, kí ẹnì kan sọ òtítọ́ fún òun, kí òun sì lọ rò ó, ì bá ti lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ti fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù, ìwé pátì ló kàn. Ó wá ń fi rédíò wo búréèkì sàn, àwa sì jókòó lé e lórí. Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ bí ahun ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Nígbà kan rí, àwọn tó wà ní yunifásítì ní agbègbè wa yìí gbà pé ọ̀rọ̀ títì kan àwọn. Ní 1977, nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tó dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alága. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ eré orí ìtàgé kò ka ìyẹn sí ohun tó kéré jù fún òun. Àwa tí a kò tíì gba dìgírì àkọ́kọ́ ní a ka táyà fífọwọ́pa sí iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé.

Ohun tí wọ́n máa sọ

Wọ́n á ní, "A kò lówó, stúdẹ́ǹtì ni wá." Ẹ gbọ́, nítorí pé ẹ kò lówó ni. Olówó lè fi bíárìn méjì gbìyànjú. Ẹni tí kò ní ni kò gbọdọ̀ ra ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Mẹkáníìkì á gba owó àyẹ̀wò, á tún purọ́ kó lè ta pátì." Àwọn kan á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, irọ́ nìkan ló lówó lórí. Òtítọ́ kò ní iye. Ẹ fi owó sórí òtítọ́ ná, kí ẹ wo iye ènìyàn tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kò sì sí ohun tó ní kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe. Ẹ lè gba àyẹ̀wò ní Challenge kí ẹ ṣe àtúnṣe ní Bódìjà.

Wọ́n á ní, "Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi yẹ ọkọ̀ wò ti dé." Ó dára, ó sì wúlò fún ẹ́ńjìnnì àti ohun tó ní wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò ní etí. Ohun tí wáyà bá sọ fún un ló ń sọ. Kò sí wáyà tó máa sọ fún un pé ojú táyà rí bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde tí ẹ sì ti ń wa ọkọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Nígbà míràn tí ọkọ̀ bá ké, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín kí ó tó fọwọ́ kàn án: "Ọ̀gá, èló ni ẹ máa gbà láti kàn wá ìdí rẹ̀?" Ẹ jọ dúnàádúrà, ẹ san án, kódà bó bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló yọ. Ẹ ní kó wọ ọkọ̀ kó gbọ́ ohùn náà fúnra rẹ̀. Bó bá sọ pátì tó bàjẹ́, ẹ ní kó fi hàn yín kó tó tú u, kí ó sì kó ti àtijọ́ lé yín lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá dè é tán. Ẹ má san wọkimanṣíìpù kí ẹ jọ tó wà á jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá ti ṣe ìkẹyìn yìí nìkan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kìíní, n kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹsẹ̀ Micra bá ń ké lábẹ́ yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ dárúkọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ àti ìgbà tó ń ké, kí dírẹ́bà lè dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ohun tó máa sọ, kí wọ́n má bàa tú gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tó tọ́ kan ṣoṣo nìyẹn: èyí tí ẹni tí kò ní pátì kankan tà bá ṣe.

Ní tèmi, mo padà lọ sí Àgbowó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo wá owó díẹ̀ nínú ti ara mi, mo fún bàbá. Ó bèèrè pé ti kí ni, ó ní òun kò rántí pé mo jẹ òun ní gbèsè. Mo ní, "Bàbá, owó etí yín ni." Ó kà á, ó fi sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ṣe àmín.